Ọ̀sá Òtúrá Lójú Ọ̀nà Àsábà

Bọ́ọ̀sì tó bá gbéra ní Jíbówú tó ń lọ sí Onitsha kò ní ṣàì gba Àsábà kọjá kó tó gun afárá Odò Ọya. Ìlú yẹn ni mo fẹ́ fi ojú Ọ̀sá Òtúrá, odù Ifá tó sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́, wò, nítorí a ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan ní Èkó pé àsọdùn ni ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nígbà ogun Biafra.

Lóṣù Kẹwàá ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sá kọjá odò, wọ́n sì ba afárá jẹ́ lẹ́yìn wọn. Ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ Murtala Muhammed, wọ Àsábà. Lọ́jọ́ 7, àwọn ará ìlú wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní akwa ocha, wọ́n jáde pẹ̀lú ijó, wọ́n ń ké pé Nàìjíríà kan ṣoṣo làwọn fẹ́. Àwọn ṣọ́jà ya ọkùnrin sọ́tọ̀, àtàgbà àtọmọdé, wọ́n kó wọn lọ sí Ogbe-Osowa, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n.

Nínú Ọ̀sá Òtúrá, wọ́n ń béèrè ohun tí òtítọ́ jẹ́, wọ́n sì tún un béèrè. Ọ̀rúnmìlà dá wọn lóhùn, ó so òtítọ́ mọ́ Ẹni tó ń tọ́ ayé, lẹ́yìn náà ni Ifá wá pa á láṣẹ pé kí èèyàn máa sọ ọ́. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé Ifá kì í bínú sí ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ èsì, bó bá sì ti gbọ́, ó di dandan fún un láti sọ. Àwọn tó ń sẹ́ ìpakúpa máa ń ní ìbéèrè lásán làwọn ń béèrè: ta ló ka òkú, ta ló rí i? Bí ẹlẹ́rìí bá yọjú báyìí, wọ́n á kẹ̀yìn sí i.

Emma Okocha, ọmọ Àsábà, ti kọ ìwé lórí ìpakúpa náà ní 1994. Àwọn olùwádìí méjì, Elizabeth Bird àti Fraser Ottanelli, jókòó ti àwọn tó yè é, wọ́n fi ẹ̀rí kan wo èkejì, wọ́n tú ìwé àtijọ́ wò, ìwé tiwọn sì jáde ní 2017. Babaláwo tó bá ń ki ẹsẹ Ifá sábà máa ń dárúkọ awo tó dífá, ẹni tí wọ́n dá a fún, àti ohun tójú onítọ̀hún rí. Ohun tí òpìtàn ń ṣe náà nìyẹn. Àwọn kan ní òkú tó 500, àwọn mìíràn ní ó tó 1,000. Iyàn lórí iye kò sọ ikú di irọ́. Bóyá ogun náà lápapọ̀ jẹ́ ìpẹ̀yàrun, àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé e. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Àwọn tó ń sẹ́ ìpakúpa náà fẹ́ràn ìròyìn àwọn alákìíyèsí láti Britain, Kánádà, Poland àti Sweden, tí wọ́n ní àwọn kò rí ìpẹ̀yàrun. Òpìtàn á kọ́kọ́ wo ìgbà tí wọ́n dé. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n, ní 1968, nígbà tó ti tó nǹkan bí ọdún kan tí wọ́n ti sin òkú Àsábà. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ló ká òǹkọ̀wé David Irving mọ́ nílé ẹjọ́ ní London. Ó ń sẹ́ ìpakúpa àwọn Júù. Òpìtàn Richard Evans tọ àwọn ìwé tí Irving ní òun kà lọ, ó rí ibi tó ti lọ́ wọn po, nígbà tó sì di 2000, Irving pàdánù ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pè.

Yakubu Gowon, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà ogun, ti tọrọ àforíjì ní Àsábà lọ́dún 2002. Àforíjì nìkan kò tó; a ṣì nílò ẹ̀rí. Bí bàbá kan tó ṣe ṣọ́jà nígbà yẹn bá ṣì wà nílé yín, ní Mushin tàbí ní Surulere, ẹ bi í léèrè ohun tójú rẹ̀ rí, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ, ibi tó dúró àti ọjọ́ tó jẹ́.