Ẹni Tó So Ẹran Mọ́lẹ̀

“Ibi tí a bá so ẹran mọ́, ibẹ̀ ní í ti í jẹ.” Láyé òde òní, ẹnu àwọn tó ń kó owó ìjọba jẹ ni òwe yìí ti wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á pa á tán, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àgbà ló ti fún àwọn láṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sin ẹran bá gbọ́ òwe yẹn, yóò mọ̀ pé ẹrù ló ń dì ru ẹni tó mú okùn lọ́wọ́. Ẹran tí a kò so a máa wá oúnjẹ rẹ̀ kiri. Èyí tí a so kò lè kúrò lójú kan. Bí koríko ibẹ̀ bá tán, ó tán náà nìyẹn. Bí omi bá gbẹ, kí ó máa ké ló kù. Ẹni tó ta kókó sí okùn yẹn ti gba iṣẹ́ oúnjẹ wíwá kúrò lọ́wọ́ ẹran náà, tọ̀sán-tòru, tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tí mò ń rí ní Alajo níbí àti káàkiri Accra ló mú mi sọ èyí. Àwọn ìdílé tí ọwọ́ wọn ti tó owó díẹ̀ ń wá ilẹ̀ sí ọ̀nà Dodowa, Afienya àti Prampram. Wọ́n fẹ́ bọ́ nínú ariwo ìlú, kí àwọn ọmọ wọn rí ibi tí adìyẹ ń yé sí, kí wọ́n da ewúrẹ́, kí wọ́n tilẹ̀ gun ẹṣin. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ọjà ni àwọn baba wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ẹ̀jìgbò àti Ìlọrin wá síbí wá ná. Àwọn ọmọ tí a bí fún wọn sí Alajo, àárín páànù àti kọnkéré ni wọ́n dàgbà sí. Kí wọ́n padà sídìí ẹran dára. Kí wọ́n kàn ti mọ̀ pé ọdún kan gbáko ni ẹran ń gbà lọ́wọ́ ẹni, nítorí kò sí ẹran tó ń jẹun ní Sátidé nìkan.

Ẹṣin ló máa ń kọ́kọ́ wọ ènìyàn lójú. Ní ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde gba gbogbo fóònù kan, láti Èkó títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ó wu ojú. Láti ìran dé ìran ni ìdílé Balógun Kúkù àti àwọn ìdílé balógun yòókù ti ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Àwọn àgbà sì ti wí i pé ẹni tó gun ẹṣin, bí kò bá ju ìpàkọ́, ẹṣin tó gùn yóò bá a jù ú. Ìpàkọ́ jíjù yẹn kò ju ọjọ́ kan lọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ kan bá na fóònù sí mi pé irú ẹṣin tí òun fẹ́ rà rèé, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: “Alhaji, ta ni yóò máa gé koríko rẹ̀?”

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹṣin tó ti dàgbà lè mu omi lítà 25 sí 45 lójúmọ́. Gálọ́ọ̀nù ìyeyè tí a ń pè ní Kufuor gallon níhìn-ín, lítà 25 ló ń gbà. Ẹni tó bá sì ti tò sí ìdí ẹ̀rọ omi ní Alajo mọ ohun tí gálọ́ọ̀nù méjì lójoojúmọ́ túmọ̀ sí. Bí ẹṣin náà bá wọn kílò 300, koríko gbígbẹ tí yóò jẹ lóòjọ́ yóò tó kílò 6. Lọ́dún, ó ti ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. Ikùn rẹ̀ kéré sí ara rẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ, ó sì ń jẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹṣin kò lè bì. Bí ó bá jẹ oúnjẹ tó bu, inú rírun lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. A gbọ́dọ̀ máa gé pátákò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹṣin kì í sì í dá gbé. Èyí tí a bá dá so sẹ́yìn ilé láìní ẹlẹgbẹ́, ìdààmú ni yóò fi máa jẹ igi ògiri.

Ọ̀yọ́ ilé mọ èyí ju àwa lọ. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi borí àwọn aládùúgbò rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbógun ti Dàhọ̀mì láti ọdún 1726 lọ, bí òjò bá ti ń sún mọ́lé tí koríko ẹṣin sì ń wọ́n wọn, ńṣe ni wọ́n ń ṣẹ́rí padà. Oúnjẹ ẹṣin ló pè wọ́n wálé. Láàfin Aláàfin láyé ìgbà náà, Olókùn-ẹṣin wà lára àwọn olóyè tó gbọ́dọ̀ bá ọba lọ bí ọba bá wàjà. Ẹni tó wà nídìí ẹṣin ni wọ́n gbé sípò bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ nìkan kọ́ ni ìṣòro ẹṣin. Níbi tí igbó ti dí, eṣinṣin tó ń gbé àrùn sùnrunsùnrun ni kò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Nígbà tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run nì, Thomas Birch Freeman, mú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ fún Asantehene ní Kumasi ní ọdún 1841, ènìyàn ló fà á la igbó kọjá. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ibí kéré, igi rẹ̀ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹṣin fi lè gbé ibẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù pólò lórí ẹṣin lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú títí di òní. Àwọn ewúrẹ́ àti àgùntàn kúkúrú tiwa ní ń rọ́jú fún àrùn eṣinṣin yìí ju àwọn ńláńlá tó ń ti Sahẹ́lì wá lọ. Wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Ẹran tí a so sínú ilé tí kò ṣeé fẹ́ atẹ́gùn sí, tí ìgbẹ́ rẹ̀ kún ilẹ̀, a ti gé ìrù rẹ̀. Àwa ni ká bá a lé e.

Nítorí náà, adìyẹ ni mo ní kí ìdílé fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sin ín la ọyẹ́ kọjá, nítorí ìgbà ọyẹ́ ni àrùn lúkúlúkú ń gbá ọgbà adìyẹ mọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n sì ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́, tó ń lóyún oṣù márùn-ún tí ọmọdé lè fojú rí gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún ìwé kan. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo iṣu pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gún fùfú. Kí a sá èèpo ẹ̀gẹ́ kó gbẹ kí a tó fún ẹran, nítorí oró wà nínú tútù rẹ̀. Kí a sì ṣa ọ̀rá omi kúrò nínú rẹ̀, torí ọ̀rá tí ẹran bá gbé mì kì í jáde mọ́.

Oṣù Kẹfà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òun ni òjò Accra pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni Iléyá bọ́ sí ní 2024 àti 2025. Ẹ rìn yí Alajo ká ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún, ẹ óò rí àgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, lábẹ́ àtẹ̀gùn, nídìí òpó iná. Ibi tí odò Odaw àti àwọn ojú àgbàrá tó ń bọ́ sínú rẹ̀ ti ń kún wọlé ni àdúgbò wa. Òru 3 oṣù Kẹfà 2015, tí àgbàrá ya wọ Accra, ṣì wà lọ́kàn gbogbo ará ìlú yìí. Bí omi bá wọlé lóru, ènìyàn á gun àga, á gun òrùlé. Ẹran tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ yóò dúró síbi tí a so ó mọ́. Lóṣù òjò, mo bẹ ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí, ẹ gbé ẹran gun ibi gíga kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sì fi wọ́n sínú ọgbà láìfi okùn sí wọn lọ́rùn. Bí kò bá sí ibi gíga nílé yín, ẹ má ra ẹran títí yóò fi ku ọjọ́ méjì sí Iléyá.

Nínú oko, oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni kí gbogbo ilé jáde, bàbá, ìyá, àtọmọ, láti gé koríko nígbà tó ṣì ní adùn, kí wọ́n sá a, kí wọ́n kó o sórí àjà pẹ̀lú ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà. Kí wọ́n wá ka ẹnu tó wà nílé, kí wọ́n wo ohun tó wà lórí àjà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, kí wọ́n ta lára ẹran nígbà tó ṣì sanra, kí oṣù Kejì tó sọ wọ́n di egungun. Ìdílé tó bá la ọdún kan báyìí já tí ọmọ wọn kò tíì sá fún ìgbẹ́ kíkó lè wá lọ wo ẹṣin méjì.

Bí nǹkan bá sì yí padà, tí iṣẹ́ tàbí àìsàn bá ní kí wọ́n fi ẹran náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí bàbá má kàn gba owó kó fún un lókùn. Kí ó mú ọmọ tó ń bọ́ ọ dání, kí ọmọ náà sọ fún ẹni tó rà á ìgbà tó máa ń mu omi, ewé tó máa ń kọ̀, ẹsẹ̀ tó ti dùn ún rí, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é tó fi ń dáhùn.