Àwọn Tí Ó Dúró Ti Ẹrù

Ẹ̀kọ́ kíkà: 1 Sámúẹ́lì 30

Ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀ lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ létí odò Bésórì. Ẹgbẹ̀ta ọkùnrin ni ó bá Dáfídì jáde láti lépa àwọn ará Ámálékì tí ó dáná sun Síkílágì. Nígbà tí wọ́n dé odò náà, ó ti rẹ igba nínú wọn jù. Wọ́n dúró ti ẹrù. Irinwó yòókù lọ, wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n sì kó ìkógun bọ̀. Ìgbà náà ni àwọn kan nínú wọn ń sọ pé kí a má ṣe fún àwọn tí ó dúró ní ohunkóhun, bí kò ṣe aya àti ọmọ wọn. Dáfídì kò gbà. Ó ní kí a pín in dọ́gba, ó sì sọ ọ́ di òfin ní Ísírẹ́lì.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ fi tú ẹ̀kọ́ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti sọ ìwé ìsìn di ìwé eré.

Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ wa ń gbá. Bọ́ọ̀lù wọn gùn, ó ṣe ṣóńṣó ní ìhà méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré jù, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi orúkọ ẹsẹ̀ pè é. (Àwa kọ́ ni a sọ ọ́ lórúkọ.) Ènìyàn 11 ni ń wọ pápá lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n 53 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nínú ìdíje ńlá wọn. Ọ̀wọ́ kan ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, ọ̀wọ́ kejì ń dènà. Àwọn wọ̀nyí ni ariwo wà fún. Ọ̀wọ́ kẹta wà tí a ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: nígbà tí a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàrin òpó méjì kí a lè gba àmì 3, tàbí nígbà tí ọ̀nà bá dí, tí a ní láti gbá a lọ jìnnà. Ẹnì kan wà nínú wọn tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó ju bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn sí ẹni tí yóò gbà á. Ìgbà díẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ìyókù, orí ìjókòó ni ó wà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nìkan. Donald Igwebuike, ọmọ Nàìjíríà, lọ sí yunifásítì Clemson, ó sì di ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó fún wọn. Obed Ariri, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1982, Clemson pàdé Nebraska ní Miami. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Igwebuike gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé, àmì 9. Clemson ní 22, Nebraska ní 15, Clemson sì gba ipò kìn-ín-ní láàrin àwọn yunifásítì gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ yọ 9 kúrò nínú 22, kí ẹ wò ó. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, bí àwa náà ti wà ní Òkè Ọya níhìn-ín, ni ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti New Orleans. Ní oṣù kẹjọ 2005, ìjì Katrina ba ìlú náà jẹ́, àwọn ènìyàn sì sá sí inú pápá ìṣeré ńlá wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án 2006 ni ẹgbẹ́ wọn tó tún ṣeré nílé. Eré kò tíì pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Steve Gleason, ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kẹta, já wọ àárín àwọn ará Atlanta, ó na ọwọ́, ó dí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ gbá lọ jìnnà; ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e, wọ́n sì gba àmì. Wọ́n borí ní 23 sí 3. Lónìí, ère Gleason wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà.

Ṣùgbọ́n ti ẹnì kan tí a kò ní dárúkọ ni ó mú wa kọ ìwé yìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní 2003, àwọn Giants ti New York lọ bá àwọn ará San Francisco ṣeré. Wọ́n ti ń ṣíwájú ní 38 sí 14. Kí eré tó parí, ó ti di 39 sí 38, àwọn ni wọ́n wà lẹ́yìn. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n sì ní àyè láti gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó kí wọ́n borí. Ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún 19. Ó tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pè é padà ni. Ó jù ú, kò dára, eré parí. Òun fúnra rẹ̀ ní òun ni òun jẹ̀bi. Àmì 24 tí àwọn yòókù jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn ńkọ́? Ní ọjọ́ kejì, àwọn aláṣẹ ìdíje jẹ́wọ́ pé àwọn adájọ́ eré ṣàṣìṣe ní ìparí náà. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó wà lẹ́nu ènìyàn. Ọdún 19 tí bọ́ọ̀lù fi ń lọ tààrà, ta ni ó kà á?

Ẹ̀yin ará, ẹ ti mọ ibi tí a ń lọ. Ní àkókò òjò tí ó kọjá, obìnrin kan fi ọkọ̀ òru wọ ìlú yìí ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn ní ilé ìwòsàn, kò gbọ́ Haúsá, ó ń wá ẹni tí yóò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó gbọ́ orin wa, ó wá. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró lábẹ́ ìgbátí òrùlé títí ìwàásù fi bẹ̀rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹrin ni a tó gbọ́. Wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀.

Arákùnrin wa tí í ṣe adènà kò wá ní ọjọ́ náà. Ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí wa ní alẹ́ Sátidé. Nínú wa tí a jókòó sí iwájú, kò sí ẹni tí ó rò pé iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà tó ohun tí a ń torí rẹ̀ dìde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sì tú, òun ni a bá wí. Ọdún mẹ́fà ni ó fi dúró níbẹ̀ nínú òjò àti ọyẹ́. A kò rántí ìgbà kan tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti bá wa jọ́sìn mọ́.

A jẹ̀bi rẹ̀, a sì jẹ̀bi obìnrin náà. A ti rí ilé tí ó wọ̀ sí, àwọn ìyá ìjọ méjì sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ku ilé adènà. Lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi yìí ni a ó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti aya rẹ̀. Ẹni tí yóò bá wa lọ, kí ó dúró dè wá lábẹ́ igi máńgòrò.