Ẹ̀JẸ̀ TÍ KÌ Í ṢE Ẹ̀JẸ̀



Ẹ̀wù kan ni wọ́n gbé wá fún Jákọ́bù, tí ẹ̀jẹ̀ ti rin ín gbingbin. Àwọn tí ó gbé e wá kò sọ pé Jósẹ́fù kú. Wọ́n kàn ní kí ó wò ó bóyá ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ ni. Bàbá náà wo ẹ̀jẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì parí ìtàn náà: ẹranko búburú ti pa ọmọ òun jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ni. A kò kà á nínú Ìwé Jẹ́nẹ́sísì pé ẹnikẹ́ni béèrè ẹ̀jẹ̀ ta ni.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ọsirélíà ní ìgbà ayé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, àfi pé ó yí padà. Níbẹ̀, ìyá ni ó ké pé ẹranko gbé ọmọ òun lọ, tí àwọn ènìyàn kò sì gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Lindy Chamberlain àti Michael ọkọ rẹ̀, tí í ṣe pásítọ̀ Ìjọ Seventh-day Adventist, pàgọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn lẹ́bàá àpáta ńlá tí à ń pè ní Uluru. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, dingo, èyíinì ni ajá igbó ilẹ̀ wọn, gbé Azaria, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kúrò nínú àgọ́. Ohun tí ìyá náà sọ nìyẹn, kò sì yí i padà rí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n mọ ojú ẹsẹ̀ ẹranko bí ọdẹ tiwa ti mọ̀ ọ́n, rí ipasẹ̀ dingo nínú iyanrìn. A kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ wọn sí. A kò rí òkú ọmọ náà. Aṣọ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ni a rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ wádìí ikú náà gbà ní ọdún 1981 pé dingo ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n kò sinmi. Wọ́n ní obìnrin náà kò sunkún tó. Wọ́n ní ìtumọ̀ orúkọ ọmọ náà ni ẹbọ nínú aginjù! Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yìí kan náà ni ti Asaríà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta inú iná ìléru nínú Ìwé Dáníẹ́lì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Olúwa ti ṣe ìrànlọ́wọ́.

Wọ́n tún ìwádìí ṣe, ẹjọ́ sì dé ìlú Darwin ní ọdún 1982. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní inú ọkọ̀ wọn ni ìyá náà ti gé ọmọ lọ́rùn. Ẹ̀rí wọn? Onímọ̀ kan ní òun rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n tún ní itọ́ ajá kò sí lára aṣọ tí a rí. Ìyá náà dáhùn pé ọmọ òun wọ ẹ̀wù òtútù kékeré kan lé aṣọ náà lórí. Wọ́n ní irọ́ ni, níbo ni ẹ̀wù náà wà? Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, a rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére. Oyún wà nínú rẹ̀. Inú àhámọ́ ni ó ti bí ọmọ náà, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1986, àwọn tí ń wá òkú arìnrìn-àjò kan tí ó jábọ́ láti orí àpáta náà rí ẹ̀wù òtútù kékeré náà, ní ibi tí ihò dingo pọ̀ sí. A dá ìyá náà sílẹ̀. Ìjọba yan Adájọ́ Trevor Morling láti tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Ohun tí a rí tí ó fọ́n káàkiri lábẹ́ iwájú ọkọ̀, tí a pè ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ohun tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà fọ́n sí i kí ariwo rẹ̀ lè dínkù ni. Àwọn àwo tí a fi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ti di dídànù kí àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ tó lè fi ojú kàn wọ́n. Ní ọdún 1988, ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀bi náà.

Ẹ rántí Súsánà. Nígbà tí ìjọ ènìyàn ti ń fà á lọ sí ibi ikú, Dáníẹ́lì kò bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó ya àwọn alàgbà sọ́tọ̀, ó bi olúkúlùkù léèrè irú igi tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Igi lásán ni! Ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa igi ni ó gba ẹ̀mí là. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òfin kẹjọ kò sì de ẹlẹ́rìí nìkan. Ìjọ Mímọ́ ń kọ́ wa pé ẹni tí ó bá gbà nínú ọkàn rẹ̀, láìní ìdí tí ó tó, pé ọmọnìkejì òun jẹ̀bi, òun náà ti ṣẹ̀ sí i.

N kò kọ èyí nítorí ilẹ̀ Ọsirélíà. Mo ti dúró rí lẹ́bàá pósí kékeré kan, mo gbọ́ tí àwọn tí wọ́n gba Ara Olúwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ojú ìyá ọmọ gbẹ, pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Èmi àlùfáà wọn gbọ́ ọ, mo sì ń bá àdúrà lọ. N kò bi wọ́n pé, “Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?”

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2012, ìwádìí ìkẹyìn kéde pé dingo ni ó gbé Azaria lọ tí ó sì pa á. Àná ọjọ́ náà ni ọmọ náà ì bá pé ọdún 32.

Misa òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí wà fún àwọn tí ó wà ní àhámọ́ tí a kò tíì dá ẹjọ́ wọn, àti fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú. Ẹni tí ó bá ní orúkọ láti fi kún un, kí ó kọ ọ́ fún katikíìsì kí ó tó di Ọjọ́bọ̀.