Ó Dàbọ̀, Bayreuth

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni, àmọ́ òwe náà kò sọ bí onílé yóò ṣe gbéra. Ṣé yóò ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì kó sáré wọ rélùweè ni, àbí yóò gbálẹ̀ ibi tó sùn, kó san gbèsè tó jẹ, kó sì dágbére fún ẹni tó gbà á lálejò? Sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo lò ní Bayreuth, ìlú kékeré kan ní Bavaria, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ló le jù níbẹ̀.

Ilé kan wà nínú ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Iwalewahaus. Ulli Beier, ará Jámánì tó ti gbé ní Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo, ló dá a sílẹ̀ lábẹ́ yunifásítì ibẹ̀ lọ́dún 1981. "Haus" ni ilé lédè wọn. Ìyókù, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Àìmọye ìgbà ni ìyá mi àgbà ti fi "ìwà lẹwà" bá mi wí, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn ti ṣáájú mi dé òkè òkun. Lọ́jọ́ tí àlejò bá dé, kò sẹ́ni tí kò níwà: gbogbo wa la ń kí èèyàn tẹ̀ríntẹ̀rín, tá a ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tó ń lọ ni wọ́n ń mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ ń tan àwọn ọmọ wa jẹ ni kàlẹ́ńdà. Sáà ìgbà ooru ní Jámánì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù kẹrin, ó sì ń parí lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n inú oṣù keje ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àkókò tó ṣẹ́ kù kì í ṣe ìsinmi. Ìgbà náà ni wọ́n ń kọ Hausarbeit, àpilẹ̀kọ gígùn tí máàkì rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá rò pé sáà ti tán nígbà tí olùkọ́ pa ìwé dé, gbèsè àpilẹ̀kọ ni yóò gbé wọ bàálù. Tó bá délé, ta ni yóò kọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe ìkómọ, iná ti lọ, ìwé tó fẹ́ kà sì wà ní láíbìrì tó ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé yunifásítì, ọ̀nà tó ń gbà ka ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti dí nìyẹn. Mo kọ tèmi tán kí n tó ká aṣọ kan.

Ọ̀rọ̀ máàkì náà nílò àlàyé. Lọ́dọ̀ wọn, 1.0 ló dára jù, ẹni tó gba 4.0 ló fi awọ orí kó o yọ, 5.0 sì ni pé èèyàn fìdí rẹmi. Ní Ifẹ̀, 5.0 yìí kan náà ni gbogbo ọmọ ń fi ààwẹ̀ tọrọ. Mo gba 1.3 nínú kọ́ọ̀sì kan, mo fi han bàbá mi lórí WhatsApp. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá kọ ọ́ pé, "Má bọkàn jẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní í dójú tì wá." Ẹ gba ìwé tó ṣàlàyé máàkì náà pẹ̀lú èsì yín o, nítorí àwọn tó máa kà á nílé.

Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹlẹ̀ tútù. Ọ̀pọ̀ wa ń ti orí àpótí ẹrù bẹ̀rẹ̀. Ìwé ló yẹ kó ṣíwájú. Èèyàn gbọ́dọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Abmeldung. Kò gbọ́dọ̀ yá ju ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tó máa kó jáde, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá fún un níbẹ̀ ni yóò fi já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, yúrò 18.36 lóṣù lórí ilé kọ̀ọ̀kan, bóyá o ní tẹlifíṣọ̀n tàbí o ò ní. Báǹkì ńkọ́? Ẹ má kánjú pa á dé. Owó ìdógò ilé, tó lè tó owó ilé oṣù mẹ́ta, kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan pa àkáǹtì rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọ bàálù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tí owó náà jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò ríbi bà sí.

Ẹ má sì dá kọ́kọ́rọ́ padà ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò. Ìparí oṣù keje ni ọdún orin olórin Jámánì tó ń jẹ́ Wagner, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1876, ń kó èrò wọ Bayreuth; ẹni tó bá ń wá hòtẹ́ẹ̀lì nígbà náà, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Yàrá wá kù. Màmá onílé mi mú ìwé tí wọ́n fi ń yẹ yàrá wò wá, wọ́n ń wo ògiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Mo ti fi ọṣẹ ìfọyín dí ihò ìṣó kan. Wọ́n fìka kàn án, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wò mí. Ojú gbà mí tì. Mo sáré lọ ra ohun tí wọ́n fi ń dí ògiri ní ti gidi, mo tún un ṣe níṣojú wọn. Àwọn ike omi tó kù, mo kó wọn lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń san ṣẹ́ǹtì 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò àti gààrí, mo gbé wọn fún ọmọ Ìbàdàn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka wa àti aládùúgbò tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo lè fi ìmeèlì ṣe é, ṣùgbọ́n ta ní í fi ìmeèlì kúnlẹ̀?

Màmá onílé ló kẹ́yìn. Wọ́n ní, "Auf Wiedersehen," ìyẹn ni pé ó di ìgbà tá a bá tún ríra. Mo ní àwa náà ní tiwa: ó dàbọ̀, ó di àbọ̀. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, "odabo", láìsí ohùn kankan lórí rẹ̀. Mo ní rárá, a tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, àpótí ẹrù mi wà lórí àkàbà, díẹ̀ ló sì kù kí rélùweè fi mí sílẹ̀.