Fọ́tò Lè Jẹ́ Sàráà, Ṣùgbọ́n Ta Ló Ni Ojú?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ọwọ́ ẹni bá mọ iṣẹ́, tí àpò ẹni sì gbẹ, ǹjẹ́ a lè fi iṣẹ́ ọwọ́ náà ṣe sàráà? Bí iṣẹ́ náà bá sì jẹ́ fọ́tò yíyà, tó jẹ́ pé ojú olójú ni a fi ń ṣe é, ibo ni oore parí sí, ibo ni ìwọ̀sí sì ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló gbà pé olówó nìkan ni ọ̀rọ̀ sàráà kàn. Ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ẹni tó ní kámẹ́rà, kálukú ní òun ń dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ òun yóò tó ẹnu. Ṣùgbọ́n hádíìsì kan wà tí Bùhárì àti Múslímù gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abú Dharr. Ó bi Ànábì léèrè nípa iṣẹ́ tó lọ́lá jù. Ànábì dárúkọ ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́hun àti ìjàkadì lójú ọ̀nà Rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nípa dídá ẹrú sílẹ̀. Abú Dharr tún béèrè pé bí agbára òun kò bá ká a ńkọ́. Èsì tó gbà ni pé kí ó ran oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́, tàbí kí ó bá ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ṣe tirẹ̀. Bí kò bá tún lè ṣe ìyẹn, kí ó mú ibi rẹ̀ kúrò lára àwọn ènìyàn, nítorí sàráà ni ìyẹn náà jẹ́ tó ń ṣe fún ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ó sọ fún wa pé iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ohun tí a lè fi tọrọ láádá, kódà bí a kò bá ní kọ́bọ̀. Ó sì tún sọ pé kí ọwọ́ wa má ṣe ẹlòmíràn ní ibi. Fún onífọ́tò, méjèèjì ló wà nínú kámẹ́rà kan ṣoṣo. Ohun tó fi ń ṣe ènìyàn lóore lè di ohun tó fi dójú tì í kí ó tó ṣẹ́jú.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò kọ́kọ́ béèrè pé ṣé fọ́tò gan-an tọ́. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò sójú kan lórí rẹ̀. Sheikh Muhammad Bakhit al-Muti'i, tó ti jẹ́ Mùfútì ilẹ̀ Íjíbítì rí, gbà pé fọ́tò kì í ṣe dídá ohun tuntun, pé òjìji ni a dá dúró, bí ẹni wo ara rẹ̀ nínú dígí. Sheikh Abdul-Aziz bin Baz ti ilẹ̀ Sọ́díà kò fara mọ́ ọn, àfi níbi tó bá ti di dandan, bíi ti ìwé ìrìnnà. Kí kálukú bi ààfáà rẹ̀ léèrè, kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí bá ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀sìn jà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ya fọ́tò níbi ìsọmọlórúkọ, yìgì àti wòlímọ̀, ó yẹ kí a béèrè ohun tí a ń fi í ṣe.

OHUN TÍ FỌ́TÒ LÈ ṢE

Nílùú Èkó, lọ́dún 2016, TY Bello, obìnrin onífọ́tò tí òkìkí rẹ̀ kàn, ń ya fọ́tò olórin kan, Tinie Tempah, ní ìta gbangba. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì kọjá lẹ́yìn wọn pẹ̀lú igbá lórí, ó sì bọ́ sínú fọ́tò náà. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i, wọ́n ń béèrè pé ta ni. TY Bello kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá obìnrin náà títí ó fi rí i. Olájùmọ̀kẹ́ Òrìsàgúnà ni orúkọ rẹ̀. Ó tún un yà lọ́tọ̀, fọ́tò rẹ̀ sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ThisDay Style. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà iṣẹ́ tuntun ti ṣí fún un. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtàn yìí ni pé onífọ́tò náà wá ẹni tó ya, ó sì béèrè orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ wálé, sí Ìjẹ̀bú-Òde wa níbí. Gbogbo yín ló mọ Ojúde Ọba, tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ń lọ kí Awùjalẹ̀, tí wọ́n ń dúpẹ́ pé a fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, ni ó ti ṣẹ̀. Lónìí, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti àwọn ẹlẹ́ṣin ń tò wọlé, àwọn onífọ́tò sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní June 2024, fọ́tò ẹlẹ́ṣin kan, Farooq Oreagba, tàn ká ayé. Àwọn ènìyàn ń yin aṣọ àti ìdúró rẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ wọn tó gbọ́ pé láti 2014 ni ọkùnrin yìí ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun fà á. Ó lo òkìkí tí fọ́tò náà fún un láti la ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yé àwọn ènìyàn, àrùn tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ń fi pamọ́ bí ẹni pé ìtìjú ni. Ẹ kíyè sí i pé òun fúnra rẹ̀ ló yan aṣọ rẹ̀, òun ló jáde síta, òun náà ló sì yan ohun tí yóò sọ. Òun ló ni ojú rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

ÌYÁ TÍ A KÒ BÉÈRÈ ORÚKỌ RẸ̀

Ìtàn kẹta ti òkè òkun wá. Ní March 1936, nígbà tí ebi ń pa àwọn alágbàṣe oko ní Amẹ́ríkà, obìnrin onífọ́tò kan tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, Dorothea Lange, dé àgọ́ àwọn tó ń ká ẹ̀wà ní Nipomo, ìpínlẹ̀ California. Ó ya ìyá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò náà jáde nínú ìwé ìròyìn, ìjọba kó oúnjẹ tó wúwo tó 20,000 pọ́n-ùn lọ sí àgọ́ náà. Ẹ ò rí i pé sàráà ńlá ni fọ́tò yẹn mú wá. Ṣùgbọ́n ìyá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Lange fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun kò béèrè orúkọ rẹ̀. Fọ́tò náà di ọ̀kan lára èyí tó lókìkí jù lọ láyé. Lọ́dún 1978 ni a tó mọ̀ pé Florence Owens Thompson ni ìyá náà. Ó sọ ọ́ tẹ̀dùntẹ̀dùn pé òun kò rí kọ́bọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tó ń ṣàìsàn lọ́dún 1983, àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ àwọn ènìyàn, owó tó lé ní 30,000 dọ́là sì wọlé nítorí fọ́tò yẹn. Ọdún 47 ni oore náà fi rìn kó tó kan ẹni tó ni ojú.

A kò sọ pé ènìyàn búburú ni Lange. Ebi ń pa àwọn ènìyàn, ó sì ṣe ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe. Ohun tí a ń sọ ni pé aníyàn rere nìkan kò tó. Ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe oore lè wà níbẹ̀ kí ó má jẹ nínú rẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì di ti gbogbo ayé láìjẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀.

ṢÉ KÍ A MÁ YÀ Á MỌ́ NI?

Ẹnìkan lè dìde nínú yín kí ó ní: "Bí a kò bá fi ojú aláìní han olówó, kò ní tọwọ́ bọ àpò. Bí a kò bá sì ya fọ́tò níbi tí a ti ń pín ìrẹsì ààwẹ̀, àwọn tó dáwó yóò ní a ti kó owó jẹ." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tí a bá fi owó ọlọ́wọ́ síkàáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣírò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sínú Súrátù Bákárà. Ní ẹsẹ 271, Ọlọ́hun jẹ́ kó yé wa pé bí a bá ṣe sàráà ní gbangba, ó dára, bí a bá sì fi pamọ́, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wa. Sàráà tiwa ni a gbà wá láyè láti fihàn. A kò rí i kà níbẹ̀ pé kí a fi ìtìjú ẹni tó gbà á hàn. Ní ẹsẹ 264, a kìlọ̀ fún wa kí a má fi ìrègún àti ìpalára ba sàráà wa jẹ́. Nígbà tó sì di ẹsẹ 273, Ọlọ́hun yin àwọn aláìní kan tó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò rò pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, nítorí pé wọn kì í tọrọ. Bí Ọlọ́hun bá yin ẹni tó fi aṣọ bo àìní rẹ̀, kí ni a ó pe ẹni tó fi kámẹ́rà ṣí aṣọ náà? Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ṣoore tán, kí a má lóṣòó tì í. Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ẹni tó na àpò ìrẹsì sí opó, tí kò jẹ́ kí ó gbà á títí kámẹ́rà fi tàn, ìlóṣòó wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Bí a bá fẹ́ ẹ̀rí fún àwọn tó dáwó, ẹ jẹ́ kí a ya kànga tí a gbẹ́, òrùlé tí a kàn, àpò ìrẹsì kí a tó pín in, àti rìsíìtì ọjà. Iṣẹ́ kì í parọ́.

BÍ BÀBÁ WA ṢE Ń JÓKÒÓ FÚN FỌ́TÒ

Lọ́dún 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ àròkọ nínú ìwé African Arts lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ìlá-Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti ṣe ìwádìí. Ohun tó rí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti wo ògiri pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀: àgbàlagbà á wọ aṣọ tó níyì jù, á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ á wà lórí itan, gbogbo ara títí dé ẹsẹ̀ á sì hàn. Bí ènìyàn ṣe fẹ́ kí ọmọ-ọmọ rántí òun ni wọ́n ń yà á. Ǹjẹ́ aláìní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀?

Ohun tí Jeremy Cowart, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, rò nìyẹn nígbà tó dá ètò Help-Portrait sílẹ̀. Àwọn onífọ́tò yóò wá ẹni tí kò lówó fọ́tò, wọn yóò yà á dáadáa, wọn yóò tẹ̀ ẹ́, wọn yóò sì fà á lé e lọ́wọ́. Ẹni tí a yà ló gba ẹ̀bùn, kì í ṣe ẹni tó yà á.

Èyí kò kọjá agbára ọ̀dọ́ tó ní kámẹ́rà ní Ìtálẹ̀ tàbí Òkè-Ajé. Ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó ló wà ládùúgbò wa tí kò ní fọ́tò kan ṣoṣo tó dára, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá kú ni àwọn ọmọ yóò máa wá a kiri. Ọmọ ilé-ìwé wà tí owó fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fún fọ́ọ̀mù ìdánwò jẹ́ ìṣòro fún. Onífọ́tò tó ta fọ́tò ní Ojúde Ọba lè ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún owó oògùn aláìsàn. Bí ó bá ti sọ fún oníbàárà pé ti aláìsàn ni owó náà, kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ dín níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà bá sì gba pé kí a fi ojú aláìní hàn, kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè tó gbọ́, kí a sọ ibi tí fọ́tò náà ń lọ fún un, kí a béèrè lọ́wọ́ òbí bí ọmọdé bá ni. Kí ó yé e pé bí ó bá ní òun kò fẹ́, ìrẹsì rẹ̀ kò ní dín. Ẹni tí ebi ń pa kò lè sọ pé rárá fún ẹni tó mú oúnjẹ dání, àfi bí oúnjẹ bá ti kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí a fún un ní oúnjẹ ná, kí a tó béèrè. Lẹ́yìn náà, kí a bi ara wa pé bó bá jẹ́ ìyá wa ló wà nínú fọ́tò yìí, ṣé a ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ wa rí i.

Ìdáhùn wa nìyí o: fọ́tò lè jẹ́ sàráà. Ọwọ́ onífọ́tò lè jẹ́ ọwọ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a yà ló ni ojú rẹ̀, ohun tí a fi ṣọ́ wa ni.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ ọwọ́ wa ṣe wá lóore, kí ó gbà wá lọ́wọ́ ṣekárími, kí ó sì bo àṣírí wa bí a ṣe ń bo ti àwọn ẹrú Rẹ̀. Àmín.