Ọdún Méjì Tí A Yá Ọmọ Ènìyàn

Àwọn baba wa ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré ní Òde-Omi, níbi tí ọ̀sà wà lápá kan tí òkun sì wà lápá kejì. N kò jiyàn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, nítorí ó ti di ọ̀rọ̀ ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi gba oyè kejì ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n tó lè lọ, Bàbá ta ọkọ̀ ńlá tí a fi ń pẹja lókun, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí a fi ń pẹja nínú ọ̀sà nìkan ni ó kù. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi gba físà tí ó fún wọn ní ọdún méjì láti ṣiṣẹ́ láìsí ọ̀gá tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ wọn. Nínú ọdún méjì náà, oṣù márùn-ún péré ni ó kù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n bi mí lórí tẹlifóònù pé: "Àbúrò mi, ṣé kí n sọ fún Bàbá, àbí kí n dákẹ́?"

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí òfin wí. Irú físà bẹ́ẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa á tì ní oṣù Igbe 2012. Ó tún ṣí òmíràn ní ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ 2021: ọdún méjì fún ẹni tí ó gba oyè kìíní tàbí oyè kejì, ọdún mẹ́ta fún ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní oṣù Èbìbí 2025, ó kéde pé òun yóò gé ọdún méjì náà kù sí oṣù 18; ẹni tí ó bá béèrè láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2027 ni gígé náà bá. Bí ọjọ́ bá pé, a kì í fi kún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró nípa iṣẹ́ ní láti rí onígbọ̀wọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún sì gbọ́dọ̀ tó iye tí ìjọba là sílẹ̀. Láti oṣù Agẹmọ 2025, £41,700 ni iye gbogbogbòò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kéré sí i.

Ǹjẹ́ ilẹ̀ náà rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ bí? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi rò ó títí, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó yá ni ní ọkọ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn kan, tí ó sì sọ ọ́ kedere, kò ṣẹ̀ bí ó bá gba ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí òjò dé. Síbẹ̀ n kò dá a láre tán. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbà lọ́wọ́ àlejò ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ pé ìrètí wà lára ohun tí àlejò ń san owó náà fún. Ẹni tí ó bá ta ìrètí kò lè sọ pé ìwé nìkan ni òun tà.

Ṣùgbọ́n ilé wa gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Ta ni ó sọ ọdún méjì di ìgbà gbogbo? Àwa ni. Ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ òfuurufú, Bàbá ti ń ṣírò ọkọ̀ titun. Ìyá ti ń ka iye yàrá tí a ó kọ́. Èmi náà ti ń ka owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Kò sí ẹni tí ó béèrè iye ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé àṣẹ náà. Ọkọ̀ kan ni a tà fún wọn, gbèsè ogún ọkọ̀ ni a gbé kọ́ wọn lọ́rùn, wọn kò sì fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń ba ẹni tí ó gboyè méjì láti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Òwe àwọn baba wa ńkọ́? Arìnrìn-àjò ni a máa ń fi í bá wí. Ó yẹ kí ó bá àwa tí a wà nílé wí pẹ̀lú. Báwo ni onílé yóò ṣe relé bí ìtìjú bá ń dúró dè é létí omi? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kúkú fara pamọ́ sí ìlú onílùú lẹ́yìn tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ọ̀gá burúkú yóò sì máa rẹ́ ẹ jẹ, nítorí kò ní lè ké sí ọlọ́pàá.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé kí a má rán ọmọ lọ mọ́ ni?" N kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi pàápàá fẹ́ lọ. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a ka ọdún inú ìwé bí a ti ń ka owó, kí a tó ta ohunkóhun. Kí ẹni tí ó rán ọmọ sì sọ fún un pé ohun tí òun ná, òun fi ta á lọ́rẹ ni.

Mo dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn pé kí wọ́n sọ ọ́. Ìsinmi ni mo wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá dákẹ́ títí, mo rò pé owó tẹlifóònù ti tán. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò ra ọkọ̀ kékeré, kí èmi náà lè lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á. Bí ẹ bá tà á, kí ni ẹ̀gbọ́n mi yóò bọ̀ wá bá?" Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé tẹlifóònù súnmọ́ ẹnu, wọ́n ní, "Ọkọ̀ kékeré ṣì wà o." Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀ lọ́hùn-ún.