Ta Ló Jẹ̀bi Sípíkà Bàbá Mi?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ obìnrin, kì í sì í ṣe ẹjọ́ owó ogún. Ẹjọ́ sípíkà méjì ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Bí mo bá rò ó tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí kò ní rédíò nílé pàápàá.

Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn fún ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí 1975 bẹ̀rẹ̀, owó náà jáde, tòun ti àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá dàgbà tó kò lè gbàgbé "owó Udoji". Àwọn kan fi ra alùpùpù, àwọn kan fi ra fíríìjì, àwọn kan fi fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Kò pẹ́ náà ni owó ọjà gbéra sọ, tó sì gba ìyókù lọ́wọ́ wọn.

Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan n'Íbàdàn nígbà náà. Sípíkà méjì lòun fi tirẹ̀ rà, Wharfedale, irú èyí tí iléeṣẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni Gilbert Briggs dá sílẹ̀ ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1932 ń ṣe. Ní òwúrọ̀ Sátidé, á fi àkísà tútù nù wọ́n bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé awo I. K. Dairo tàbí ti Haruna Ishola sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yí bọ́tìnnì ohùn kọjá ibi tí ọwọ́ aago máa ń wà ní agogo mẹ́sàn-án. Bí àlejò bá ní kí ó fi kún un díẹ̀, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Bí o bá fẹ́ gbọ́ ju báyìí lọ, sún mọ́ ọn."

Ní 1982, wọ́n rán an lọ sí Kàdúná fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ló ti gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, tó fi rán ẹnì kan sí ìyá mi dípò lẹ́tà. Ó kí i, ó béèrè àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ròyìn bí oúnjẹ ibẹ̀ ṣe rí, ó sì fi ẹ̀rín parí rẹ̀. Ọdún 2013 ni Bàbá kú, a sì sin ín sílé rẹ̀ ní Ìjurin-Èkìtì. Ibẹ̀ ni àwọn sípíkà náà wà ní pálọ̀, lábẹ́ aṣọ. Anpilifáyà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún orin lágbára kí sípíkà tó lè sọ ọ́ síta, ti kú ṣáájú rẹ̀ tipẹ́. Àrá ló pa á.

Nígbà tí ìrántí ọdún kẹwàá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní 2023, ìyá mi pè mí. Ó ní, "Ọkọ mi, mo fẹ́ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i nínú sípíkà bàbá yín." Kò béèrè màlúù, kò béèrè aṣọ ẹbí. Ìyẹn nìkan ló béèrè.

Ẹ jẹ́ mọ̀ pé owó akọ̀ròyìn kì í pọ̀. ₦60,000 ni mo lè yọ sílẹ̀. Mo lọ bá bàbá atúnrédíòṣe kan ní Ìjerò. Mo ní, "Bàbá, wáàtì mélòó ni kí n rà?"

Ó ní, "Yàrá mélòó lo fẹ́ fi orin kún?"

Mo ní, "Pálọ̀ kan ni, sà."

Ó ní, "Ogún wáàtì tó. Ó tún ṣẹ́kù."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó wá là mí lọ́yẹ̀. Ó ní wáàtì kan péré ti tó kí sípíkà tó dára dún ju ohùn ẹni méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ lọ nínú yàrá. Ó ní bí ènìyàn bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, etí kò ní gbọ́ ìlọ́po méjì. Díẹ̀ báyìí ni yóò fi lé sí i. Kí etí tó lè sọ pé ariwo ti di méjì, agbára ní láti di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ogún wáàtì àti ogójì kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Ó gbé tòkunbọ̀ kan jáde, NAD 3020. Ó rí eérú-eérú, ara rẹ̀ ti họ, kò ní iná tó ń ṣẹ́jú. ₦55,000 ló pè é. Ó ní Erik Edvardsen, ọmọ ilẹ̀ Norway, ló ṣètò rẹ̀, ó sì dé ọjà ní 1978 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú. Ogún wáàtì péré ni wọ́n kọ sí i lára fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ní agbára ìpamọ́ fún ìgbà tí ìlù bá sọ lójijì. Ó ní sípíkà tó gbówó lórí ju ẹ̀rọ náà lọ lọ́nà púpọ̀ ni àwọn ènìyàn ń so mọ́ ọn, ojú kò sì tì wọ́n.

Mo dúpẹ́, mo ní mò ń bọ̀. Kò sí ibi tí mo ń bọ̀ lọ. Ọjà ni mo gbà lọ, níbi tí mo ti rí òmíràn, tuntun nínú páálí: iná pupa, iná àwọ̀ ewé, rìmóòtù, àti "1000 WATTS" gàdàgbà níwájú rẹ̀. ₦38,000. Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀gá mi, èyí á gbé òrùlé o!" Mo sanwó.

Lọ́jọ́ ìrántí náà, mi ò fi sípíkà sílẹ̀ sí pálọ̀. Mo gbé wọn síta, sábẹ́ ìbòòji. Mo tún yá sípíkà méjì mìíràn, mo so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ anpilifáyà kan ṣoṣo. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn, àwọn ènìyàn ń jó, ẹnì kan sì pariwo pé, "Fi kún un!" Mo fi kún un. Bọ́tìnnì kọjá agogo mẹ́sàn-án, ó kọjá méjìlá, ó dé mẹ́ta. Kò pẹ́ tí orin fi bẹ̀rẹ̀ sí í há bí ẹni ń jẹ yanrìn. Lẹ́yìn náà ni mo gbóòórùn nǹkan tó jó. Àwọn túwítà, sípíkà kékeré tó ń sọ ohùn tín-ín-rín, ti kú. Kò sí ẹni tó fura. Ijó ń lọ.

Ilẹ̀ mọ́, ìyá mi jókòó sí pálọ̀, kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. A dá àwọn sípíkà padà síbi tí wọ́n máa ń wà, a tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ohùn bàbá mi jáde bí ohùn ẹni tó fi kúbùsù bo orí. A ò gbọ́ orúkọ wa já gaara bó ti ń pè wá. Ẹ̀rín ìparí yẹn di ìkùnsínú. Ìyá mi ò bá mi wí. Ó kàn sọ pé, "Ó dà bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́." Ó dìde, ó lọ gbé ọ̀gì kaná.

Ta ló jẹ̀bi?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó tà á. Ó purọ́ àbí kò purọ́? Ó ní ó lè gbé òrùlé. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà wo ni yóò ní ẹ̀kọ òun kò dùn? Ó jẹ̀bi díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé mi ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó ṣe é. Ìgbà tí mo yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà ni mo rí nǹkan. Lábẹ́ 1000 tó wà níwájú, wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́rin tíńtín: PMPO. Bàbá atúnrédíòṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà: ìṣirò agbára ìṣẹ́jú-akàn ni, tí kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé fi ẹnu kò lé lórí, kóówá ń kọ ohun tó wù ú. RMS ni ká máa béèrè, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè gbé láìsinmi. Lẹ́yìn ẹ̀rọ náà gan-an, wọ́n kọ ìwọ̀n iná tí ó ń jẹ sí i: 60 wáàtì. Ẹ bá mi rò ó o. Ohun tó ń jẹ ọgọ́ta, báwo ni yóò ṣe máa pọ ẹgbẹ̀rún? Irọ́ wà níwájú, òótọ́ wà lẹ́yìn, mi ò sì yí i wò. Wọ́n jẹ̀bi, wọ́n jẹ̀bi gan-an. Ṣùgbọ́n òótọ́ wà lára rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i.

Ó wá ku èmi. Èmi ni mo tan ara mi jù. Mo máa ń sọ pé owó ló fà á, ṣùgbọ́n ₦55,000 wà lápò mi. Ohun tó mú mi ni pé mo fẹ́ kí Ìjurin gbọ́ pé ọmọ tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ti dé. Ìyá mi ń wá ohùn ọkọ rẹ̀. Èmi ń wá ohùn ara mi.

Nígbà tí mo padà sí Ìjerò, ohun tí bàbá yẹn sọ yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ti rò pé agbára tó pọ̀ jù ló jó túwítà. Ó ní rárá o, àìlágbára ni. Ó ní nígbà tí a bá ti anpilifáyà kọjá ibi tí ipá rẹ̀ mọ, kò ní dákẹ́, kò sì ní sọ pé ó tó. Yóò máa gé orí ohùn kúrò pẹrẹsẹ, ìgékúgèé náà yóò sì di ooru tí yóò lọ sára túwítà, tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ̀rọ ńlá tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kì í sábà ba sípíkà jẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ náà kò ní bà á jẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ńlá ni ọ̀tá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i káàkiri. Bàbá ilé tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ń jágbe mọ́ ìyàwó àti ọmọ, kì í ṣe agbára ló pọ̀ lápọ̀jù lára rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì tí kò mọ iṣẹ́ ló ń lu tábìlì. Ẹni tó sì máa ń jóná níbẹ̀ ni ẹni tín-ín-rín, tí kò ní ohun tó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.

Ẹ má gbàgbé sípíkà mẹ́rin lórí ẹ̀rọ kan. Sípíkà tó jẹ́ óòmù 8, bí a bá so méjì rẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n di óòmù 4 lójú anpilifáyà. Bí óòmù ṣe ń dín ni iná tí wọ́n ń fà lára rẹ̀ ń pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọ́bí tí a so àbúrò mẹ́rin àti ilé ìyá mọ́ lọ́rùn. Ọjọ́ tó bá jóná, a ó ní kò lágbára. A kò ní béèrè ẹni tó so wáyà.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́? Kí ni akọ̀ròyìn ń fi sípíkà olówó ńlá ṣe? Tà á, kí o ra èyí tó bá ọ mu." Mi ò gbà. Àwọn kan ti sọ òwe yẹn di okùn tí wọ́n fi ń so tálákà mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n ni òwe náà ń sọ, kò sọ pé kí ẹni tó kéré má fojú kan ohun tó dára. Ẹ lọ wo Ìkọ́gòsí, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí Arámọkọ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ yìí. Omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀, ọ̀kan kò sì gun èkejì lọ́rùn. Ẹ̀rọ kékeré tó jẹ́ olóòótọ́ lè bá sípíkà rere gbé, bí kò bá ti purọ́ nípa ohun tó lè gbé.

Ẹni tó bá fẹ́ rà, ohun tí mo kọ́ rèé. Kọ́kọ́ wo bí yàrá rẹ ṣe tó. Béèrè RMS, kí o sì ka óòmù tó wà lẹ́yìn sípíkà rẹ, kí ó bá ti ẹ̀rọ mu. Yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò, kí o mọ ohun tó ń jẹ. Nígbà àtijọ́, a lè gbé e wò lọ́wọ́, nítorí tiransífọ́mà rere máa ń wúwo. Lóde òní, ẹ̀rọ fẹ́ẹ́rẹ́ tó dára wà, ìwúwo nìkan kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Bí ohùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í há, yí i sílẹ̀ kíá, ẹnikẹ́ni tó bá ń pariwo pé kí o fi kún un kò ní bá ọ ra túwítà.

Tòkunbọ̀ eléérú-eérú yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ nígbà tí mo padà. Mo rà á, mo tún san owó túwítà tí kì í ṣe ti Wharfedale, nítorí a ò rí irú ti àtijọ́. Ohùn náà kò pé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, tí bọ́tìnnì wà ní agogo mẹ́sàn-án, a gbọ́ orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì gbọ́ ẹ̀rín.

Mo bi ìyá mi bóyá kí n fi kún un díẹ̀. Ó mi orí. Ó fa àga rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.